Òkúta tó di èéfín, èéfín tó di òkúta

Bí a bá kúrò ní Pọ̀bẹ́, tí a kọjú sí Kétu, ilẹ̀ pupa àti ọ̀pẹ ni a kọ́kọ́ ń rí. Lẹ́yìn náà ni Onígbòlò yọ, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí a ń rí láti òkèèrè. A kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dé etí ọ̀nà ibẹ̀, kí wọ́n lè fojú rí ohun tí a ń kọ sára pátákó.

Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá sun kílò 100 rẹ̀ tí kò ní àbùlà, kílò 56 ni yóò kù. Kílò 44 yòókù á di gáàsì kábóníìkì, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Iná tí a fi sun ún tún ní èéfín tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan bi wá pé: «Ọ̀gá, iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé wa yìí, ṣé òun náà ni yóò ba ojú ọjọ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́?» A dákẹ́ díẹ̀.

Apá kan ìdáhùn wà lára àwọn ilé àtijọ́ ní Àjàṣẹ́. Ẹfun sísun tí a fi rẹ́ ògiri kì í gbẹ lásán: ó ń gba gáàsì yìí kan náà padà, ó sì ń di òkúta díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ògiri ń ṣe pẹ̀lú sùúrù, ẹ̀rọ ti ń yára ṣe é. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Vicat ní Montalieu-Vercieu, nílẹ̀ Faransé, gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. A ń po eruku ìléru mọ́ omi, a sì ń fẹ́ gáàsì inú èéfín ìléru náà sí i. Àdàlù náà ń di òkúta wẹ́wẹ́ tí a lè fi kọ́lé. Ìdọ̀tí méjì pàdé, wọ́n bí ohun èlò kan.

A kò tan ọmọ náà jẹ: eruku kò pọ̀ tó láti gbé gbogbo èéfín mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó sàn kí a mọ ohun tí a lè fi eérú ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú òkúta ẹfun kékeré wá sí kíláàsì, ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Òkúta náà hó. Gáàsì tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ń jáde. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ dán an wò nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín bí a ṣe lè dá a padà sínú òkúta.