Omi Rẹ́mọ, Ẹranko Ọ̀sà

Bí a bá dárúkọ ọ̀nì, akàn àti lékelèke etí ọ̀sà fún ará Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, ohun tó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìyẹn. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Rẹ́mọ kò ní etíkun. Ṣùgbọ́n gúúsù ni omi ilẹ̀ náà ń ṣàn lọ, inú ọ̀sà Èkó ló sì ń já sí. Láyé àtijọ́, Ìkòròdú ni àwọn oníṣòwò Rẹ́mọ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Àjọṣe Rẹ́mọ àti ọ̀sà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a gba ẹnu èbúté Èkó wọ inú ọ̀sà. Nígbà òjò, odò Ògùn, odò Ọ̀nà àti odò Ọ̀ṣun a kún, wọn a sì ti iyọ̀ náà padà sókun. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni igi ẹ̀gbà fẹ́ràn, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Abẹ́ gbòǹgbò yìí ni akàn ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà, ibẹ̀ náà sì ni ẹyẹ ti ń wá oúnjẹ. Ẹni tó gé ẹ̀gbà lulẹ̀ ti da ilẹ̀ ìtọ́jú ọmọ ẹja rú.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980, ló dá ọgbà Lékkí sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni ọgbà náà, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọ̀bọ, ìgalà, ẹtu, ọ̀nì, awọ́nríwọ́n àti oríṣiríṣi ẹyẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú afárá orí igi tó gùn tó mítà 401. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ilé ti yí ọgbà náà ká. Ọgbà lè dá ọdẹ dúró. Kò lè dá omi ìdọ̀tí dúró.

Ní 1971, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú Ramsar, ní Iran, láti dáàbò bo àbàtà àti ọ̀sà. Ibi 11 ni Nàìjíríà ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 2000, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ forúkọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí ayé ń pè ní Porto-Novo, sílẹ̀. Omi ọ̀sà yẹn gba Badagry wá bá tiwa pàdé. Omi kan náà ni. Ní òdìkejì ẹnubodè, ó ní àdéhùn tó ń dáàbò bò ó, níhìn-ín, kò ní. Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ìlérí tó wà lákọsílẹ̀ ni, tí ará ìlú lè fi di ìjọba mú.

Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Èkó jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sà, kí ìjọba àpapọ̀ sì gbé orúkọ rẹ̀ síwájú. Ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó wà láti Ṣàgámù dé Ògìjò mọ ibi tí omi ìdọ̀tí wọn ń gbà lọ. Ará ilé náà kò gbọdọ̀ sọ gọ́tà di ààtàn nígbà òjò. Ọ̀rá tó bá omi lọ lónìí kò sọnù. Ọ̀dọ̀ ẹja ló lọ, ẹja yẹn náà ni yóò sì padà wá sínú ìkòkò ọbẹ̀ ní Rẹ́mọ.