Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Alájàpá ni ìyá mi, àwọn ọjà ọrọọrún abúlé ni ó sì ń ná. Ní ìgbà ìsinmi kan tí mo ṣì wà ní yunifásítì, ara rẹ̀ kò yá, ó sì fún mi lówó pé kí n bá òun ra gàrí wá ní ọjà méjì tí ó bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ sí èyí tí ó jìnnà, kí n yà sí ti ìtòsí nígbà tí mo bá ń bọ̀. Mo rò pé àìmọ̀wé ni. Ti ìtòsí ni mo kọ́kọ́ ná. Kí n tó dé èkejì, ọjà ti tú. Ìdájí ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń pàtẹ. Ìdajì owó ìyá mi ni mo gbé padà wálé, kì í ṣe gàrí.

Ìrántí yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka ìròyìn Lucy, ọkọ̀ ojú ọ̀run tí àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán jáde ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bẹ àwọn àpáta tí ń bá Júpítà yí oòrùn po wò: ọ̀wọ́ kan ṣíwájú Júpítà, ọ̀wọ́ kejì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọjà ìyá mi kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n àwọn àpáta wọ̀nyí kì í dúró. Ibi tí àpáta yóò wà ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé ni a ń dojú kọ, kì í ṣe ibi tí ó wà lónìí. Epo ọkọ̀ sì níwọ̀n.

Bí ibi tí a fẹ́ yà bá jẹ́ 5, ọ̀nà 120 ni a lè gbà tò wọ́n tẹ̀ léra. Bí ó bá di 10, ó di 3,628,800. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ní ọjọ́ ìgbéra tirẹ̀.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kí Lucy tó lè lọ jìnnà, ó ní láti padà sílé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ayé kọjá ní 2022 àti 2024, kí òòfà Ayé lè fi kún eré rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ní oṣù Kọkànlá 2023, ó yà sọ́dọ̀ àpáta kékeré kan tí kò sí nínú ètò àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn onímọ̀ rí i pé ìyípadà díẹ̀ ni yóò gbà. Dinkinesh ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí àwọn ará Etiópíà ń pe egungun àtayébáyé tí a hú níbẹ̀ ní 1974, èyí tí ayé mọ̀ sí Lucy. Wọ́n bá òṣùpá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ètò tí ó kù ni ọ̀wọ́ iwájú ní 2027 àti 2028, Ayé lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2030, àti ọ̀wọ́ ẹ̀yìn ní 2033.

Àwa tí a kàwé kò ka irú ìṣirò ìyá mi sí ìmọ̀, nítorí pé kò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ìyá mi ti ti ọjà dé, ó ti lọ sílé, n kò sì sọ fún un rí pé òun ni ó jàre. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìgbà tí ọjà ń tú ni ó yẹ kí ó júwe ọ̀nà.