Lẹ́tà Ńlá Láàárín Orúkọ

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú yín bí mo ṣe já ìjánu àgbàlagbà kan.

Wọ́n ní kí n to orúkọ àwọn tí a fẹ́ bu ọlá fún jọ sínú ìwé ètò àpèjẹ. Àwọn tó fi orúkọ ránṣẹ́ kò kọ ọ́ bákan náà: òmíràn fi lẹ́tà kékeré kọ gbogbo rẹ̀, òmíràn fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ bí ẹni ń polówó ọjà. Mo mọ NumPy díẹ̀, irinṣẹ́ èdè Python tí Travis Oliphant ṣe ní nǹkan bí 2006. Iṣẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a lè kó ọ̀rọ̀ sínú array rẹ̀ pẹ̀lú, kí àṣẹ kan ṣoṣo sì kárí gbogbo wọn.

Mo pa àṣẹ capitalize. Lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá, gbogbo ìyókù di kékeré. “ADÉ OLÚFẸ́MI” di “Adé olúfẹ́mi”. Orúkọ ìdílé ènìyàn ni mo rẹ̀ sílẹ̀ yẹn o! Mo yára pa àṣẹ title, èyí tí í fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo wo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n dára, mo bá gbé ìwé lọ fún atẹ̀wé.

Lọ́jọ́ àpèjẹ, bàbá náà na ìka sí orúkọ ara rẹ̀: “Adé Olúfẹ́Mi”.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ta ni ń jẹ́ Mi?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí mo wádìí rẹ̀, mo rí i pé é ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ẹyọ kan ni. Ẹ́ kò ní: ẹ dá wà, àmì ohùn orí rẹ̀ dá wà. Title kò sì ka àmì náà sí lẹ́tà; bó bá ti kàn án, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì sọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e di ńlá. Ìdí nìyẹn tí “ìbàdàn” fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí “ọ̀ṣun” sì di “Ọ̀Ṣun”. (Àwa náà a máa fò àmì bí a bá ń kánjú, n kò lè dá ẹ̀rọ nìkan lẹ́bi.)

Mo ya orúkọ àbísọ àti ti ìdílé sí array méjì, mo pa capitalize fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá fi add so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú àlàfo láàárín. Mo tẹ ìwé kan ṣoṣo, mo gbé e lọ bá bàbá nílé. Ó wá awò rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú àpò agbádá.