Ẹ Dágbére Kí Ẹ Tó Lọ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé mi, owó ẹ̀kọ́ náà sì wọ́n.

Ìyá arúgbó kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń re aró. Mo lọ bá a, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì: bí wọ́n ti ń gún ẹ̀lú, bí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àti orin tí wọ́n ń kọ nídìí ìkòkò aró. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi, ó ku orin kan." Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ọkọ̀ ń dúró dè mí." Mo ti bọ́ síta kí ó tó dáhùn.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ọ́fíìsì. Mo da ohùn náà sínú àpótí ìpamọ́ tí gbogbo wa jọ ń lò. Yàrá mìíràn ni àpótí náà wà. Wáyà nẹ́tíwọọ̀kì ni kọ̀ǹpútà mi fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ti ṣe tán. Mo pa èyí tó wà nínú rẹkọ́dà rẹ́, kí àyè lè wà fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Àfi bí ọlọ́dẹ ṣe kígbe pé òun fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀. Mo fa wáyà yọ, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi kú, ó di ilé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Mo sáré lọ bá ọmọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dágbére kí ẹ tó lọ?"

"Fún ta ni? Ọlọ́dẹ?"

"Rárá o, sà. Fún àpótí."

Ó wá là mí lóye. Ó ní iSCSI ni orúkọ ìlànà tí àwa ń lò, ọdún 2004 ni wọ́n tẹ òfin rẹ̀ jáde. Dírẹ́bà kan wà nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti ọkọ̀ o, òun ló ń ṣe alárinà. Bí òun àti àpótí bá ti mọ ara wọn, sẹ́ṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ní òun ti ṣe tán, inú mẹ́mọ́rì tirẹ̀ ni ẹrù mi ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní láti dá iṣẹ́ tuntun dúró, kí ó jẹ́ kí èyí tó wà lọ́nà délé, kí àpótí kọ gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á ránṣẹ́ ìdágbére, tí àpótí á sì fèsì. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ tó lè kan wáyà.

Ó ní, "Ká ní wáyà nìkan lẹ fà ni, tí ẹ sì tètè kì í bọ̀ ọ́ padà, à bá rí nǹkan ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá 120 ni Linux sábà máa ń dúró kó tó sọ̀rètí nù. Bọ́tìnnì yẹn ló pa á."

Ojú tì mí. Mo bi í bóyá àwọn tó ń kọ dírẹ́bà náà máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó ní wọ́n ń ṣe é dáadáa! Ní 2023 ni wọ́n tún ọ̀kan ṣe nínú Linux. Bí sẹ́ṣọ̀n bá ń kógbá wọlé, dírẹ́bà á ti dá ilẹ̀ tí ó ń lò nínú mẹ́mọ́rì padà, nígbà tí pátákó àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ka àdírẹ́sì náà lọ́wọ́ á wọ ilé tó ti wó. Àtúnṣe rẹ̀ ò ju pé kí wọ́n to iṣẹ́ bó ṣe yẹ: kí sẹ́ṣọ̀n kọ́kọ́ kúrò lójú, kí wọ́n yọ pátákó, kí wọ́n dúró de ẹni tó ṣì ń kà á, kí wọ́n tó dá ilẹ̀ padà.

Ìtìjú ò jẹ́ kí n tètè padà sí Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti sin Màmá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi bí wọ́n ti ń re aró hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo béèrè orin. Ó mi orí. Ó ní ìyá òun nìkan ló mọ̀ wọ́n.

Báyìí, bí mo bá ṣiṣẹ́ tán lálẹ́, mo máa ń dágbére fún àpótí, màá sì jókòó títí yóò fi fèsì. Ọlọ́dẹ a máa kùn. Mo ní kó máa kùn lọ. Bí àgbàlagbà bá sì ní ó ku ọ̀kan, mo máa ń jókòó padà. Ọkọ̀ á dúró. Bí kò bá dúró, òmíràn á wá.