Pèpéle Ojú Omi

Ní Mahintẹ̀dó tí a dàgbà sí, ilé tí kò bá ní pèpéle níwájú kò tíì di ilé. Orí omi àti ẹrẹ̀ ni à ń gbé, òpó ló gbé ilé wa ró, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n la sì fi ń dé ẹnu ọ̀nà ara wa. Pèpéle onípákó yìí ni àlejò máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá ti inú ọkọ̀ jáde. Ibẹ̀ la ti ń tún àwọ̀n ṣe, ibẹ̀ la ti ń sá ẹja, ibẹ̀ náà ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà tọkọtaya. Àwọn ará òkè tó ní àgbàlá ilẹ̀ gbígbẹ kò mọ ohun tí wọ́n ní.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Onílé á kó igi jọ, á bẹ àna àti ọ̀rẹ́, ìyàwó á ro púpurú, ògógóró á sì wà nílẹ̀. Igi ògúrọ̀ ni wọ́n ń tò sórí òpó. Kì í pẹ́ jẹrà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kùn. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí Èkó àti Wàrí ni ọ̀wẹ̀ di ìtàn, tí a wá ń wá oníṣẹ́ ọwọ́ tí a ó sanwó fún. Ayétòrò, ìlú kan létí òkun, ni orúkọ rẹ̀ ń dún nígbà náà fún iṣẹ́ ọwọ́. Láti 1947 tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, pákó ni wọ́n fi ṣe òpópónà wọn, iṣẹ́ àpapọ̀ sì ni wọ́n ń ṣe láìgba owó ọ̀yà, títí di nǹkan bí 1968 tí wọ́n yí ètò náà padà.

Owó Údójì ló gbé pèpéle tiwa dé. Ní 1975, ìjọba tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ Údójì, wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Rédíò àti alùpùpù ni àwọn ẹlòmíràn sáré rà. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ tíṣà ní pèpéle ni òun fẹ́, pákó gidi, pẹ̀lú òrùlé páànù.

Káfíńtà àkọ́kọ́ wá láti òkè. Inú ọkọ̀ ló jókòó sí tó ti dá owó. Ìyá mi ní, “Ẹ ṣeun, a ó ránṣẹ́ sí yín.” Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi: “Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹrẹ̀ dé, owó kí ló ń dá?”

Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Ayétòrò, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó tọrọ ọ̀pá tí a fi ń ti ọkọ̀, ó ri ọ̀pá náà mọ́ ẹrẹ̀ títí kò fi lọ mọ́, ó fà á yọ, ó fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ṣe é láàárín. Igun kan jìn ju àwọn yòókù lọ ní apá àgbàlagbà kan. Ó jẹun tán kó tó dá owó.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó gbogbo owó igi fún un. Ìyá mi kọ̀: a ó ra igi fúnra wa, káfíńtà yóò tẹ̀ lé wa lọ yàn án. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n mú fún òpó, torí ó lè bá omi gbé pẹ́. Àràbà ni oníṣòwò igi kọ́kọ́ fà sílẹ̀, igi tó ń mu omi bíi kànìnkànìn! Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ti fà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín owó iṣẹ́ sí: èkíní nígbà tí òpó bá dúró, èkejì nígbà tí pákó bá tẹ́, ẹ̀kẹta lẹ́yìn tí omi òjò bá kún tó sì fà. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi nítorí ẹ̀kẹta yẹn. Ó ní ó dà bí ẹni pé a kò fọkàn tán ọkùnrin náà. Káfíńtà kò bínú. Tirẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má so ọkọ̀ mọ́ òpó tuntun kí ẹrẹ̀ tó dì í mú. Ó tún ní kí a má fún àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ní ògógóró kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní Ayétòrò kan náà. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde ní 2004, wọ́n tún gbé e jáde ní 2009, òkun sì ń wọlé síbẹ̀. Bí mo bá gbọ́ pé owó ti jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi tí kò mọ̀wé ni mo máa ń rántí.

Omi kún lọ́dún náà, ó sì fà. Káfíńtà padà wá láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é. Ó rìn kiri orí pèpéle, ó fo sókè lórí pákó kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sínú omi, ó sì rí i pé òpó igun tó jìn ti yẹ̀ díẹ̀. Ó fi igi tirẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọ ẹsẹ̀, ló bá jókòó gba owó rẹ̀. Kó tó wọ ọkọ̀, aládùúgbò wa ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá owó fún òun náà. Ó béèrè bóyá wọ́n ní ọ̀pá nílé.