Àpótí Ìrántí

Ọmọ Ìkirè ni mí, èdè ni mo sì ń kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì kò jẹ́ kí n sùn. A fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sí òfuurufú láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Nígbà ayé rẹ̀, bí ó bá ya àwòrán, inú àpótí ìrántí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí, títí yóò fi kọjá lókè ibùdó tí ó lè gbà á, bí ti Àbújá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré sì ni! Bí wọ́n bá gbà á tán, wọn a pa á rẹ́ kí tuntun lè rí àyè.

Ìyá mi àgbà, tí ń ta dòdò Ìkirè, kò yàtọ̀ sí i. Orí ni ó ń kó gbèsè sí títí di ọjọ́ ọjà Àpòmù. Bí a bá san án, ó di ìgbàgbé. (Ó ní kọ́bọ̀ kan kò sọnù rí, n kò jiyàn.) Ṣùgbọ́n oríkì ìdílé wa wà nínú orí kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbà á. Ní oṣù tí ó kọjá, ó fi orúkọ bàbá mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìgbà náà, mo ń gbé ìwé lọ sí ìdí ààrò rẹ̀ lálaalẹ́. Ó ní, “Kọ ọ́ dáadáa, ọkọ mi.” Ti Ìkirè ti parí, ti àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ní Àpòmù ni ó kù.