Àárẹ̀ Eré Sísá àti Ìdìde Ènìyàn

Nínú èdè wa, ìdìde jẹ́ àmì ìlera. Bí ara aláìsàn bá yá, a ó ní ó ti dìde. Bí ó bá ṣì wà lórí ìdùbúlẹ̀, ọkàn ẹbí kò tíì balẹ̀. Mo gbà pé èrò yìí ni ó wà lẹ́yìn ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákú lórí pápá: a ó sáré gbé e nàró. Níbi tí mo ti fẹ́ bá èdè wa jiyàn nìyí.

Ìdìde kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún ara. Bí a bá ti orí ìdùbúlẹ̀ dìde, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn àti ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan tí ń ṣọ́ ìfúnpá wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Àwọn ni yóò ta ọpọlọ lólobó. Kí a tó mọ̀, ọkàn ti ń yára lù, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ti súnkì. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tí ó sì dìde kò mọ̀ rárá pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wáyé nínú òun.

Eré sísá máa ń da ètò yìí rú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá ń sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹran ẹsẹ̀ a fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè débẹ̀. Òógùn náà a sì máa dín omi ara kù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń lọ, ẹran ẹsẹ̀ ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró lójijì, fífún náà dáwọ́ dúró, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì wà ní fífẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a kó jọ sí ẹsẹ̀, èyí tí ń dé ọpọlọ a sì dín kù. Òòyì nìyẹn, bí ó bá pọ̀ jù, a di dídákú. Ìfúnpá sì lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn eré, èyí ni òòyì fi lè kọ́ ẹni tí ó ti jókòó sinmi, tí ó wá fò dìde láti lọ gba ẹ̀bùn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọbìnrin kan sá eré 800 mítà. Ó dé òpin, ó dúró, ó ṣubú. Láti òdì kejì pápá ni mo ti rí i tí ènìyàn méjì gbá a mú lábẹ́ apá, tí ẹnì kan ń da omi lé e lórí, tí ẹlòmíràn ń pe orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ṣáà ń yẹ̀. Ìgbà tí apá ro wọ́n, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko, ni ojú rẹ̀ là, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò ní òkè kankan láti gùn mọ́ kí ó tó dé orí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ́yìn eré. Ẹni tí ó bá ṣubú lẹ́yìn tí ó ti dúró, ẹ tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpò ìwé. Ti ẹni tí ó ṣubú láàrin eré gan-an, tàbí tí ojú rẹ̀ kò tètè là, yàtọ̀: ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn tàbí ooru. Ẹ wò ó bóyá ó ń mí, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.